Ẹ fi orúnkún yan ilé: bẹ́ ẹ ṣe máa wá ibi tẹ́ ẹ máa gbé l'Ékòó lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì

Mo mọ èèyàn márùn-ún tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n kó lọ sílé tuntun, tá a lọ jẹ ìrẹsì ìṣílé níbẹ̀, tí wọ́n sì ti padà wá ń sùn ní pálọ̀ ọmọ wọn kí ọdún méjì tó pé. Ọ̀kan nínú wọn lèmi. Ẹ̀yìn Ìkòròdú ni mo kọ́ tèmi sí, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mo ní kí wọ́n gbé pálọ̀ àti yàrá sókè torí mo fẹ́ atẹ́gùn. Ẹni ọdún 52 ni mí nígbà tí mo ya pílánù yẹn. Nígbà tí mo fi máa pé 60 tí mo kó wọlé, orúnkún ọ̀tún ti ń dún bí ilẹ̀kùn tí ò rí epo, kíṣíìnì wà nísàlẹ̀, yàrá wà lókè, àtẹ̀gùn 17 ló wà láàrin èmi àti ife omi. Atẹ́gùn ni mo wá lọ, àtẹ̀gùn ni mo bá. Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ríru gbé ìyàwó mi ṣánlẹ̀, wákàtí méjì ààbọ̀ la lò ká tó fojú kan dókítà, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ géètì àdúgbò là ń wá kiri. Ó yè é, ọpẹ́ ni. Ọdún yẹn náà la kó kúrò, a kọ́kọ́ sùn ní pálọ̀ ọmọ wa, àwọn ọ̀dọ́ ló háyà ilé yẹn báyìí, èmi ń san rẹ́ǹtì yàrá méjì nísàlẹ̀ ní Ṣómólú, mo sì ń sùn.

Bí mo ṣe ń bá àwọn ọ̀rẹ́ mi wá ilé látìgbà yẹn nìyí. Ẹ tẹ̀ lé e bó ṣe tò, ẹ má fo ìkankan torí pé ejẹ́ǹtì ń pariwo pé ẹlòmíì ti ń kó owó bọ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa kó jọ kẹ́ ẹ tó jáde

Ìwé kékeré kan àti bírò. Sítétímẹ́ǹtì RSA yín (àkáǹtì pẹ́ńṣọ̀n yín) láti ọ̀dọ̀ PFA (iléeṣẹ́ tó ń bójú tó owó pẹ́ńṣọ̀n yín), èyí tuntun o. Àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tẹ́ ẹ ná fún oṣù mẹ́ta tó kọjá, tẹ́ ò bá kọ ọ́, ẹ lọ ka alert inú fóònù yín. Orúkọ gbogbo oògùn tí ẹ̀yin àti ẹnì kejì yín ń lò. Tépù tí káfíńtà fi ń wọn nǹkan. Báàgì tó lè gba ìrẹsì kílò mẹ́wàá. Bàtà tí omi ò lè bà jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àgbàlagbà kan tó fi ọdún mẹ́wàá jù yín lọ, tí ẹsẹ̀ ti ń dùn, tó máa gbà láti bá yín jáde lọ́jọ́ kan, ẹ se ọbẹ̀ ẹja tútù dè é.

Ẹnì kejì yín náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ọkọ tó dá lọ yan ilé, tó wá mú ìyàwó lọ wò ó nígbà tó ti sanwó tán, ẹjọ́ ló ń rà.

Ìpele 1: Owó oṣù ni kẹ́ ẹ ṣírò

Pẹ́ńṣọ̀n tá à ń lò báyìí, tí òfin ọdún 2014 ń darí, ẹ máa mú díẹ̀ nínú owó RSA yín lẹ́ẹ̀kan náà, ìyókù á máa wá lóṣooṣù. Ẹ lè jẹ́ kí PFA máa san án fún yín díẹ̀díẹ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní programmed withdrawal nìyẹn, ẹ sì lè fi ra annuity lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìńṣọ́ránsì, tí wọ́n á máa san án títí ẹ̀mí yín. Bẹ́ ẹ bá ṣe mú èyí tó pọ̀ tó níbẹ̀rẹ̀ ni ti oṣooṣù á ṣe kéré tó. Ibẹ̀ yẹn ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Owó gọbọi wọlé, ọwọ́ ń yúnni, kí ilẹ̀ tó mọ́ èèyàn ti ra súmẹ́ńtì.

Torí náà ẹ fi owó gọbọi yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ẹ kọ iye tó máa wọlé lóṣù sókè ìwé, kẹ́ ẹ máa yọ kúrò nínú ẹ̀: rẹ́ǹtì ọdún kan tẹ́ ẹ pín sí 12, iná, omi, owó àwọn tó ń kó ilẹ̀, owó ọlọ́dẹ àdúgbò tàbí service charge tó bá jẹ́ ẹsitéètì, oògùn, ọkọ̀ lọ sọ́sibítù àti àbọ̀, oúnjẹ, àti aṣọ ẹbí. Ẹ má rẹ́rìn-ín, aṣọ ẹbí ò ní bá yín fẹ̀yìn tì.

Ti iná, ẹ bèèrè Band tí àdúgbò yẹn wà. A ni wákàtí 20 lójúmọ́ ó kéré tán, B 16, C 12, D 8, E 4. Lóṣù April ọdún 2024 wọ́n gbé owó Band A láti ₦68 sí ₦225 fún yúnìtì kan, wọ́n sì tún sọ ọ́ wálẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ṣì wọ́n. Èyí túmọ̀ sí pé àdúgbò tí iná ti ń wà dáadáa lè jẹ owó yín tán bẹ́ ẹ bá ń lo AC, àdúgbò Band D náà á sì fi jẹnẹrétọ̀ jẹ ẹ́. Ẹ má bi ejẹ́ǹtì, ẹ bi ẹni tó ń ta omi dídì níwájú ilé. Ẹni tó ń ta omi dídì ò lè parọ́ iná.

Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣìnà: wọ́n máa ń ka owó tọ́mọ ṣèlérí mọ́ ọn. Ọmọ dáa, àmọ́ ọmọ náà ń san rẹ́ǹtì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, láti ọdún 2022 ni PenCom, àjọ ìjọba tó ń rí sí pẹ́ńṣọ̀n, ti là á sílẹ̀ bí èèyàn ṣe lè yọ tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún RSA ẹ̀ láti fi san owó ìbẹ̀rẹ̀ ilé tó fẹ́ fi mọ́gééjì rà, àmọ́ ẹni tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ló wà fún, ẹ má dúró di ìparí.

Ẹ ó mọ̀ pé ìpele yìí yọrí tí nǹkan bá ṣì ṣẹ́ kù lẹ́yìn tẹ́ ẹ yọ gbogbo ẹ̀ tán, láìfi ọwọ́ kan owó gọbọi. Tó bá ti wọ gbèsè nínú ìwé, á wọ gbèsè lójú ayé, ẹ wá àdúgbò míì.

Ìpele 2: Orúnkún

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, òun làwọn èèyàn sì ń fojú di jù.

Ẹ di ìrẹsì kílò mẹ́wàá sí báàgì, ẹ wọ dáńfó lọ, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀pù bí ẹni tí ò ní mọ́tò, torí ọjọ́ kan ń bọ̀ tẹ́ ò ní lè wà á mọ́. Ẹ fẹsẹ̀ rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn ilé tẹ́ ẹ fẹ́ gbé. Ẹ padà sí bọ́sítọ́ọ̀pù, ẹ tún gbé e wá lẹ́ẹ̀kejì. Bẹ́ ẹ ṣe ń lọ, ẹ máa wo ilẹ̀. Ibi tó ga, ibi tó là, ibi tí ọkadà ti ń já láti kọ̀rọ̀.

Ẹ wo orí gọ́tà dáadáa. Nílé kan tí mo lọ wò ní Bárígà, pákó méjì ni wọ́n tẹ́ sórí gọ́tà iwájú ilé, ọ̀kan gùn ju èkejì lọ, wọ́n fi táyà ha abẹ́ ẹ̀ kó má baà máa mì. Àwọn ọmọdé ń fò ó kọjá. Ìyá àgbà tó ń gbé yàrá iwájú jáde, ó di ògiri mú, ó ń fi ẹsẹ̀ kan wá pákó yẹn bí ẹni tó fẹ́ wọ omi tútù, ó tó ìṣẹ́jú kan kó tó dé òdìkejì. Mo kí wọn, mo yí padà, n ò ti ẹ̀ wọnú ilé ọ̀hún.

Tẹ́ ẹ bá wọlé, ìsàlẹ̀ ni. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé èkejì ò ga. Àwọn fúláàtì Jákáńdè tí wọ́n kọ́ láyé ìjọba Lateef Jakande, 1979 sí 1983, irú èyí tó wà ní Ìsọlọ̀ àti Abẹ́sàn, ilé tó dúró dáadáa ni, èèyàn sì lè rí i rà, àmọ́ kò sí lift níbẹ̀ o, tẹ́ ò bá rí ti ìsàlẹ̀ ẹ fi sílẹ̀. Lérékùṣù Èkó náà, láwọn ilé àtijọ́ Ìsàlẹ̀ Èkó àti Lafiaji, àtẹ̀gùn pákó wà tó ga gègèrè débi pé èèyàn á fẹ́ fẹ̀yìn sọ̀ ọ́ bí àkàbà.

Balùwẹ̀ wá ńkọ́? Ẹ wọn ilẹ̀kùn ẹ̀. Tí ò bá tó ínṣì 32, wheelchair lè má wọ̀ ọ́, mo mọ̀ pé ẹ ò gbàdúrà ẹ̀, ẹ ṣáà wọn ọ́n. Táìlì tó ń dán bíi jígí, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́ kẹ́ ẹ tó kó wọlé. Irin ìdìmú lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, wẹ́dà àdúgbò lè ṣe é, ẹ jẹ́ kó wọnú bíríkì, kó má jẹ́ pé ara táìlì lásán ló dì mú.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dán an wò: kí àgbàlagbà tẹ́ ẹ mú dání rìn láti géètì dé inú tọ́ílẹ́ẹ̀tì, kó jókòó, kó dìde, kó padà sí géètì. Ẹ má bi í bóyá ilé náà dáa, torí ọmọlúàbí ni wọ́n, wọ́n á ní ó dáa. Ẹ kàn ka iye ìgbà tí wọ́n dúró sinmi.

Ìpele 3: Dókítà àti kọ́kọ́rọ́ géètì

Ẹ kọ ọsibítù méjì sílẹ̀, ọ̀kan tó sún mọ́ ilé àti ọ̀kan tó tóbi. Ní Mainland, LUTH wà ní Ìdí-Àràbà, LASUTH wà ní Ìkẹjà, Federal Medical Centre wà ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà, General wà ní Gbàgádà, ti Alímọ̀ṣọ́ wà ní Ìgàndò, ẹni tí eegun ń yọ lẹ́nu sì mọ Ìgbóbì. Lérékùṣù, General tó wà ní Ọ̀dàn, ní Marina, ni tiwọn. Ẹ má wọn kìlómítà, àkókò ni kẹ́ ẹ wọ̀n. Ẹ lọ láti ilé tẹ́ ẹ ń wò dé ẹnu ọ̀nà pàjáwìrì lẹ́ẹ̀mejì, aago méje àárọ̀ Mọ́ńdè àti aago mẹ́jọ alẹ́ Fúráìdé. Ẹni tó ń gbé ìhà Ìbẹ̀jú tí káàdì ọsibítù ẹ̀ wà ní Ìdí-Àràbà, á rí i pé ojú ọ̀nà lòún fẹ́ máa gbé.

Kílíníìkì tó wà ní kọ̀rọ̀, ẹ wọlé kẹ́ ẹ béèrè nǹkan méjì péré: ṣé dókítà ń sùn síbí, ṣé ọ́síjìn wà. Ẹ wo ojú nọ́ọ̀sì bó ṣe ń dáhùn.

Géètì wá kù. Àdúgbò tó pọ̀ l'Ékòó ló ń ti géètì tó bá di òru, kò burú, olè ò ní wọlé. Àmọ́ ta ló mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́? Ní tiwa, ọ̀gbẹ́ni ọlọ́dẹ ti lọ jẹun, ẹni tó fún ní kọ́kọ́rọ́ ti sùn, fóònù ẹ̀ ò sì lọ. Ẹ lọ bá alága lándílọ́ọ̀dù, ẹ gba nọ́ńbà ẹni méjì tó ní kọ́kọ́rọ́, kẹ́ ẹ wá pè wọ́n laago méjì òru kẹ́ ẹ tó san owó ilé. Bẹ́ẹ̀ ni, aago méjì òru. Wọ́n á bínú díẹ̀, ẹ tọrọ àforíjì láàárọ̀, ẹ ti mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀. Nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó, 767 tàbí 112, ẹ kọ ọ́ sára ògiri lẹ́tà gàdàgbà.

Èmi ò lè gbé ibi tó ju ìṣẹ́jú 40 lọ sí pàjáwìrì lóru. Ẹ̀yin náà ẹ mú nọ́ńbà kan, kẹ́ ẹ má yẹ̀ ẹ́ torí ilé rẹwà.

Ìpele 4: Omi òkè, omi ilẹ̀

Oṣù June sí July àti September sí October ni kẹ́ ẹ lọ wo ilé. Ejẹ́ǹtì fẹ́ràn kó máa mú èèyàn lọ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, August break náà sì máa ń tan èèyàn. Tó bá pọn dandan pé ọ̀gbẹlẹ̀ lẹ máa lọ, ẹ wo ara fẹ́ǹsì àwọn aládùúgbò bóyá ìlà omi wà níbẹ̀, ẹ wo bóyá wọ́n mọ bíríkì dí ẹnu ọ̀nà wọn, bóyá wọ́n gbé firíìjì sórí búlọ́ọ̀kù. Ẹni tó gbé firíìjì sórí búlọ́ọ̀kù mọ ohun tójú ẹ̀ rí.

Àwọn ibi tí Odò Ògùn ń gbà kọjá, Ìsẹ̀rì, agbègbè Mile 12, Ajégúnlẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú (kì í ṣe ti Apápá o), òjò nìkan kọ́ ló ń dà wọ́n láàmú, tí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ láti dáàmù Ọ̀yán, omi lè dé bá wọn lọ́jọ́ tí òjò ò rọ̀ rárá. Lẹ́kìí sí Ajah, òjò àti ọ̀sà ń bá ara wọn ṣe é. Kò sẹ́ni tí ò lè gbé ibẹ̀ nígbà tó bá lè gbé mátírẹ́ẹ̀sì sáré. Lẹ́ni 75 ńkọ́?

Omi mímu àti ìwẹ̀: ẹ bu omi borehole ilé yẹn sínú abọ́ funfun, ẹ gbé e lọ sílé, ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú. Tó bá pọ́n bíi tíì, irin ló wà níbẹ̀, ẹ máa ra fíltà, ẹ kọ owó ẹ̀ sínú ìṣirò ìpele kìíní. Lérékùṣù àti etí ọ̀sà, ẹ fi ọṣẹ fọwọ́, tí kò bá hó, iyọ̀ lè wà nínú ẹ̀.

Ìpele 5: Àwọn èèyàn

Ọ̀pọ̀ nínú wa ò ka èyí sí. Owó wà, ilé wà, kò sẹ́ni tí wọ́n jọ ń ta ayò. Ọ̀rẹ́ mi kan kó láti Surulere lọ sí Ẹ̀pẹ́, ilé ńlá, ọgbà ńlá, ẹja tútù lójoojúmọ́. Lóṣù kẹrin ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ wá sí mọ́ṣáláṣí ẹ̀ àtijọ́ gbogbo Jímọ́ọ̀, aago mẹ́fà àárọ̀ lá ti jáde, á délé lẹ́yìn ìṣáà. Mo bi í pé ṣé kò sí mọ́ṣáláṣí ní Ẹ̀pẹ́ ni. Ó ní ó wà, àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ̀ pé òun ti ń jẹ́ Alága rí.

Ẹ kọ orúkọ èèyàn mẹ́wàá tẹ́ ẹ rí lóṣù tó kọjá torí ẹ fẹ́ rí wọn. Ẹ kọ iye owó ọkọ̀ láti ilé tuntun dé ọ̀dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí mẹ́fà nínú wọn bá ti gba ọkọ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ ò ní rí wọn mọ́, òdodo ọ̀rọ̀. Rélùwéè ti yí ìṣirò yìí padà fún àwọn kan: Blue Line ti ń gbé èrò láti Marina sí Mile 2 láti September 2023, Red Line bẹ̀rẹ̀ ní October 2024 láti Àgbádó dé Òyìngbò, ó ń dúró ní Ìjù, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Mushin àti Yábàá. Ẹni tó bá rí ilé ìsàlẹ̀ tó ṣeé fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀kan nínú àwọn stéṣọ̀n yìí, tó sì ní Cowry card (káàdì tí wọ́n fi ń sanwó rélùwéè náà) lápò, ó lè máa lọ òde láìdúró de ọmọ tó máa gbé e. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo àtẹ̀gùn stéṣọ̀n náà ṣá.

Ẹ lọ àdúgbò yẹn ní Sátidé aago mọ́kànlá alẹ́ láti gbọ́ ariwo ibẹ̀. Ó tán.

Ìpele 6: Ẹ gbé ibẹ̀ wò

Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, kẹ́ ẹ tó ta ohunkóhun, ẹ gbé àdúgbò yẹn fún oṣù mẹ́ta. Ẹ háyà yàrá kan, tàbí kẹ́ ẹ bá mọ̀lẹ́bí tó wà níbẹ̀ gbé kẹ́ ẹ máa dá sí owó oúnjẹ. Ẹ lo oògùn yín níbẹ̀, ẹ ṣàìsàn ibà níbẹ̀, ẹ ra ata níbẹ̀ nígbà tí òjò ń rọ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà ni pé wọ́n máa ń ta ilé àtijọ́ tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ ṣáájú. Ẹ má dáná sun afárá. Ní gbogbo oṣù mẹ́ta yẹn, ẹ máa fa ìlà kan sínú ìwé nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá padà sí àdúgbò àtijọ́ torí nǹkan tẹ́ ò rí níbi tuntun. Tí ìlà oṣù kẹta bá pọ̀ ju ti oṣù kìíní lọ, àdúgbò yẹn ò gbà yín.

Ìpele 7: Ìwé

Tó bá jẹ́ rẹ́ǹtì, òfin rẹ́ǹtì Èkó ti ọdún 2011 ní kí lándílọ́ọ̀dù má gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ẹni tó ń san lọ́dọọdún sì gbọ́dọ̀ rí nótíìsì oṣù mẹ́fà tí àdéhùn kò bá sọ nǹkan míì. Òfin yẹn kò kan Ìkòyí, Victoria Island, Apápá àti GRA Ìkẹjà. Ẹ jẹ́ kí nótíìsì oṣù mẹ́fà yẹn hàn nínú ágírímẹ́ńtì, torí àgbàlagbà ò lè fi oṣù kan wá ilé.

Tó bá jẹ́ rírà, lọ́yà yín, tí kì í ṣe lọ́yà olùtà, ló máa yẹ ìwé wò ní Lands Registry ní Aláùsá, sọ́féyọ̀ yín á mú pílánù lọ ṣe charting ní ọ́fíìsì Surveyor-General, kí wọ́n fi wé máàpù ìjọba láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ ìjọba ni. Ilẹ̀ tó ti ní C of O (ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ látọ̀dọ̀ ìjọba), tẹ́ ẹ bá rà á, ẹ ṣì nílò consent (ìyọ̀ǹda) gómìnà lábẹ́ Land Use Act ti 1978. Òfin ti wà láti 2016 tó ń dí àwọn ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́, síbẹ̀ ẹ wádìí lẹ́nu àwọn tó ti kọ́lé síbẹ̀ iye ìgbà tí wọ́n sanwó.

Ẹ̀yin ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀. Èmi náà rí ẹni tó kó gràtúítì ẹ̀ sórí yàrá méjì nínú ilé ẹbí, ó pààrọ̀ páànù, ó tẹ́ táìlì, ó gbé AC sí i, ni àwọn ọmọ àbúrò bàbá ẹ̀ bá dé láti Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ gan-an, wọ́n sì kó ẹrù wọn wọ yàrá kejì. Kò sí ohun tó lè ṣe. Ohun tẹ́ ẹ bá kọ́ mọ́ ilé ẹbí, ti ẹbí ni. Ẹni tó bá sì fẹ́ rà níbẹ̀, ìbuwọ́lùwé olórí ẹbí nìkan ò tó, àwọn àgbà ìdí-igi (àwọn ẹ̀ka ẹbí) náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ gbé níbẹ̀ tó bá tù yín lára, àmọ́ ẹ kàn kùn ún lọ́dà ni, kẹ́ ẹ fi táìlì sílẹ̀.

Tí lọ́yà bá fún yín ní ìwé search tó ní sítáǹpù, tẹ́ ẹ sì kà á fúnra yín, ẹ lè sanwó. "Ó wà lọ́nà" kì í ṣe ìwé.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kó wọlé, ẹ sọ àdírẹ́sì tuntun fún PFA àti báńkì, ẹ lẹ orúkọ oògùn mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá, kẹ́ ẹ sì ya kọ́kọ́rọ́ kejì fún aládùúgbò tí kì í rìnrìn àjò. Tiwa wà lọ́dọ̀ Ìyá Alákàrà tó wà lójúlé kejì. Ó ti lò ó lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ tí mo ti ara mi mọ́ inú balùwẹ̀ tí ìyàwó mi lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́. Àkàrà gbóná ló mú wá pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ náà, ó ní òún rò pé ebi á ti máa pa mí.